Ẹni Tí Kò Mọ̀ Pé Gòkè Ti Lọ

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú kan ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n tún pa orúkọ Tọ́láṣe rẹ́.

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó tẹ orúkọ rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì dá a lóhùn pé òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún un tẹ̀. Kọ̀ǹpútà sẹ́ kanlẹ̀. Ni Tọ́láṣe bá bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn wọn ní Maiduguri, ó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n já àpò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Morẹ́nikéjì! O ti tún pa mí rẹ́ o! Ẹ bá mi bi í, kí ni mo fi ṣe é?"

Morẹ́nikéjì gbọ́ ọ láti inú yàrá kótópó tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí. Ibẹ̀ ni sáfà mẹ́ta wà, àwọn kọ̀ǹpútà tí kò ní ojú, tí wọ́n ń kùn bí oyin láti àárọ̀ di àárọ̀, tí gbogbo ìwé ilé ìwòsàn náà sì wà nínú wọn: káàdì àwọn aláìsàn nínú ọ̀kan, èsì àyẹ̀wò nínú ìkejì, oògùn nínú ìkẹta. Òun ló ń tọ́jú wọn. Ẹ̀ẹ̀keje rèé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, ife kunu gbígbóná ló wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, obìnrin ọlọ́pàá kan sì jókòó níwájú rẹ̀, ó ń wò ó.

"Ma, ẹ rí i," ni ó wí. "Ẹ rí ọwọ́ mi."

"Mo rí i," ni Inspẹ́kítọ̀ Qúdrát dáhùn. "Mo rí i, ṣùgbọ́n rírí nìkan ò tó."

Kò pẹ́ tí ìdí rẹ̀ fi yé Morẹ́nikéjì. Ọ̀gbẹ́ni Adéjọbí, alákòóso ilé ìwòsàn náà, wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin gígùn ni, ará Ìkàrẹ́, tí kì í jágbe mọ́ ènìyàn. Bí inú bá ṣe ń bí i sí i ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí i.

"Inspẹ́kítọ̀, ọwọ́ kọ́ ni ọmọbìnrin yìí fi ń ṣiṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé fún wa níbi ìpàdé. Ó ní òun ti kọ́ irinṣẹ́ kan tí èèyàn fi lè kọ àṣẹ sílẹ̀ lónìí, kí ẹ̀rọ sì dá mú un ṣẹ lọ́la nígbà tí oníṣẹ́ bá ń sùn. A pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ gbọ́ o, a pàtẹ́wọ́!"

"Sà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Fathiah wà ní wọ́ọ̀dù kẹrin." Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di èémí lásán. "Lọ bá a, kí o sọ 'ẹ jọ̀ọ́' fún un."

Morẹ́nikéjì wolẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀ràn Fathiah nílé ìwòsàn náà. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló bímọ, ẹ̀jẹ̀ sì kọ̀, kò dá. Tọ́láṣe ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ti mọ irú èyí tí yóò bá a mu, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parẹ́ ni, èsì náà kò sì lè dé ojú kọ̀ǹpútà dókítà. Kí ó tó wá bébà, kí ó tó wá bírò, kí ó tó sáré dé yàrá iṣẹ́ abẹ, àkókò ti lọ. Fathiah yè, ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n gé kí ó tó yè. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, àkọ́bí rẹ̀ nìyẹn.

"Lọ́jọ́ Ẹtì, kí aago méjìlá tó lù," ni Adéjọbí wí, "àwọn tó ni ilé ìwòsàn yìí yóò jókòó. Bí ẹ kò bá tíì fi ẹlòmíràn hàn mí nígbà náà, òun ni n ó fà lé yín lọ́wọ́. Èmi fúnra mi ni n ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn."

Ó jáde. Kunu ti tutù nínú ife.

*

Qúdrát kò tẹ̀ lé e. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Maiduguri ni. Bàbá rẹ̀ ti ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ìlọta ní Monday Market kí wọ́n tó bí i, òun náà sì ti mọ bí a ṣe ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ kí ó tó mọ bí a ṣe ń kàwé. Yorùbá rẹ̀ já gaara, àmọ́ Hausa ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

"To," ni ó wí, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tòsí. "Kọ́ mi."

"Kí n kọ́ yín ní kí ni, Ma?"

"Irinṣẹ́ yìí. Bí n kò bá mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, báwo ni n ó ṣe mọ ẹni tó bà á jẹ́? Má sáré o. Ṣe bí ẹni pé ọmọṣẹ́ rẹ ni mí."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi Morẹ́nikéjì ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, "Kí ló dé?" àti "Kí ló dé tó fi tún ṣẹlẹ̀?" ni wọ́n mọ̀. Ó ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ojú dúdú lásán ló hàn, kò sí àwòrán, kò sí nǹkan tí a ń tẹ̀ yàtọ̀ sí lẹ́tà funfun.

"Ibi tí a ń kọ àṣẹ sí nìyí, Ma. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá gba òṣìṣẹ́ tuntun, mo ní láti wọ inú sáfà kọ̀ọ̀kan lọ tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Bí mo bá gbàgbé ọ̀kan, wàhálà dé. Pẹ̀lú irinṣẹ́ yìí, n kì í sọ ohun tí sáfà máa ṣe mọ́. Bí mo ṣe fẹ́ kí ó rí ni mo máa ń kọ sínú ìwé kan, ìwé àṣẹ ni à ń pè é. Irinṣẹ́ á gbé ìwé yẹn, á yẹ sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Èyí tó bá ti rí bí ìwé ṣe wí, kò ní fọwọ́ kàn án. Èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á tún un ṣe títí yóò fi rí bẹ́ẹ̀."

"Bí mo bá ní kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò ṣiṣẹ́. Mẹ́sàn-án yòókù, á wò ó, á ní ó dára bẹ́ẹ̀, á lọ jókòó."

Qúdrát fi ọwọ́ lu itan. "Madalla! Ìyá ọkọ mi nìyẹn! Bí àwo bá wà níbi tó fẹ́ kí ó wà, kò ní sọ̀rọ̀. Sún un pẹ́nrẹ́n báyìí, á dìde, á dá a padà. Sún un lẹ́ẹ̀kejì, á tún dìde. Kò bínú, kò rẹ̀ ẹ́."

Morẹ́nikéjì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fún un ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń dánra wò. Ìka kan ṣoṣo ni Qúdrát fi ń tẹ àṣẹ, ó ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè, ó ṣì í lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sì kanra rárá. Nígbà tí ó ṣe é tó jẹ́, ìlà aláwọ̀ ìyeyè jáde: nǹkan ti yí padà. Ó tún un tẹ̀. Ìlà aláwọ̀ ewé: ó ti rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó ṣáà lè rí àwọ̀ ewé náà.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Bọ̀dá Gòkè. Òun ló wà nídìí iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Mo ṣe iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ tán níbí, ó ní kí n dúró. Kì í ṣe ilé ìwé o, Ma. Orí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ni àwa méjèèjì ti ń kọ́ ọ, bí a bá bà á jẹ́, a óò tún un ṣe. Oṣù kejì ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn wọn tó wà ní Adó-Èkìtì."

"Báwo wá ni sáfà ṣe ń mọ̀ pé ìwọ ni ìwọ?"

"Kọ́kọ́rọ́ ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Ìyẹn, mo ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kọ́kọ́rọ́ yìí, fáìlì kan ni nínú láptọ́ọ̀pù. Àgádágodo tó bá a mu ló wà lára sáfà. Gbogbo ẹni tó bá wọlé, sáfà á kọ kọ́kọ́rọ́ tó fi wọlé sílẹ̀."

"Kọ́kọ́rọ́ ta ló wọlé ní aago mẹ́wàá òní?"

Morẹ́nikéjì yí ojú láptọ́ọ̀pù náà sí i kí ó kà á fúnra rẹ̀.

"Tèmi," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Lẹ́ẹ̀meje, Ma. Tèmi ni."

*

Ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n tọpa ibi tí ẹni náà ti ń wọlé. Ọ̀nà fóònù ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Maiduguri ló ń gba ojú kan náà wọ Íńtánẹ́ẹ̀tì, ilé-iṣẹ́ fóònù náà sì ni Morẹ́nikéjì alára ń lò.

"Ẹ ò rí i?" ni ó wí. "Gbogbo ọ̀nà tí a bá tọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé mi ló ń já sí."

Qúdrát pe Tọ́láṣe sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà ní àgbàlá.

"Wọ́n ní o kórìíra rẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní kò mọ iṣẹ́. Ọ̀tọ̀ nìyẹn."

"Wọ́n bá ọ lórí àga rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí kò sí níbẹ̀."

"Fóònù mi ni mo lọ fi síná! Yàrá yẹn nìkan ni iná kì í lọ. Gbogbo wa là ń lọ, títí kan ẹni tó sọ fún yín."

"Ṣé o mọ irinṣẹ́ tó ń lò?"

"Inspẹ́kítọ̀, bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé orúkọ ara mi ni n ó máa parẹ́? Èmi ni mo gbé ìwé yẹn sáré lọ́jọ́ Fathiah. Ẹsẹ̀ tèmi yìí ni. Bí mo bá dijú, mo ṣì ń sáré, n kì í sì í débẹ̀."

Qúdrát ní kí ó máa lọ. Ó wò ó títí ó fi wọlé.

"Kì í ṣe òun," ni ó wí fún Morẹ́nikéjì.

"Ma, ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ àgádágodo náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Kọ́kọ́rọ́ yẹn kò ní ṣí nǹkan kan mọ́, gbogbo èyí á dópin."

"Yóò dópin lóòótọ́. Kí ni Adéjọbí yóò wá sọ?"

Qúdrát dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Yóò ní ìwọ lo ń ṣe é, ẹ̀rù bà ọ́, o sì dá a dúró. Ẹni náà yóò dákẹ́, a kò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé. Rárá. Fi àgádágodo sílẹ̀. Láti ìsinsìnyí, orí ìwé ni kí gbogbo èsì àyẹ̀wò máa wà, kí wọ́n máa fi ọwọ́ gbé e lọ, kí ẹnikẹ́ni má tún kó sínú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó mọ bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn náà ṣe ní láti jókòó, kí ó máa wò ó ní ṣíṣí sílẹ̀.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, Qúdrát gbé kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ gbogbo ìgbà méjèèje sí.

"Wò ó. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú kan. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú kan. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú kan. Ènìyàn kì í jalè báyìí. Ènìyàn máa ń pẹ́ tàbí kí ó yá. Ẹ̀rọ ni. Adéjọbí jàre níbẹ̀."

Qúdrát sún ìka rẹ̀ lọ sílẹ̀ lórí ìwé náà.

"Ṣùgbọ́n kò ṣẹlẹ̀ rí kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Kò ṣẹlẹ̀ rí lẹ́yìn aago márùn-ún. Lọ́jọ́ Ẹtì, kò ṣẹlẹ̀ láti aago kan sí mẹ́ta. Kí ni ó máa ń ṣí ní mẹ́sàn-án, tó ń lọ kí Jímọ́ọ̀, tó sì ń tì ní ìrọ̀lẹ́?"

"Ṣọ́ọ̀bù," ni Morẹ́nikéjì wí.

"Yauwa. Ó dára, ka orúkọ àwọn tí wọ́n ń parẹ́ fún mi, kí o sì sọ oṣù tí wọ́n dé."

Tọ́láṣe dé ní oṣù kẹrin. Nọ́ọ̀sì méjì dé ní oṣù karùn-ún. Ọkùnrin tó ń pín oògùn dé ní oṣù kẹfà. Gbogbo àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Qúdrát fi bírò lu eyín rẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́. "Gbogbo ìgbà ni o ń wo ẹni tó sọnù. Ṣé o ti wo ẹni tó dé rí?"

Kò wò ó rí. Bí ariwo bá ti ta, ohun tó mọ̀ ni kí ó sáré dá àwọn tó sọnù padà, kí aláìsàn má bàa kú sí i lọ́rùn. Ó tẹ àṣẹ kan. Orúkọ gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ sáfà tò wálẹ̀ lójú dúdú náà. Ó ń ka wọ́n lọ, àfi bí ìka rẹ̀ ṣe dúró gbagidi.

"Bọ̀dá Gòkè! Ma, mo yọ ọ́ kúrò níbí lọ́jọ́ tó lọ gan-an. Ọwọ́ mi ni mo fi yọ ọ́!"

"Pè é."

Ohùn Gòkè dún láti Adó-Èkìtì, tayọ̀tayọ̀. "Àbúrò mi! Ooru ibẹ̀ yẹn kò tíì pa ọ́?" Nígbà tí ó gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ayọ̀ náà kú. "Èmi? Kí ni n ó fẹ́ wá ṣe nínú sáfà yín? Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fún mi níbí ni mò ń lò. N kò mọ Tọ́láṣe kankan! Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ má kó mi sí wàhálà o, mo ní ìyàwó."

Morẹ́nikéjì fẹ́ kí ó jẹ́ Gòkè, kí ọ̀rọ̀ náà lè kúrò lọ́rùn rẹ̀; kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ Gòkè, nítorí ohun gbogbo tó mọ̀, òun ló kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n Qúdrát ti ń mi orí. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tú bóòtù kan tó ti dógùn-ún.

"Olè tó bá fẹ́ wọlé kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ilẹ̀kùn. Kì í sì í lé ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹni tó ń ṣe èyí kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Bí ilé ìwòsàn yìí ṣe rí ní oṣù kejì ló fẹ́ kí ó rí, kò sì sí ohun mìíràn tó fẹ́. Tọ́láṣe kò sí nígbà yẹn, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí. Gòkè wà nígbà yẹn, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà." Ó gbójú sókè. "Morẹ́nikéjì, ẹni tó ń ṣe èyí kò mọ̀ pé Gòkè ti lọ."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ìyá ọkọ yín," ni Morẹ́nikéjì wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Ìyá ọkọ mi. Kọ́kọ́rọ́ rẹ yẹn, orí láptọ́ọ̀pù wo ni o ti rọ ọ́?"

"Orí ti Bọ̀dá Gòkè, nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí mo ra tèmi, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí rẹ̀. N kò mọ̀ pé ó yẹ kí n rọ òmíràn."

"Ògbólógbòó ńkọ́, èyí tó wà lórí tirẹ̀?"

Qúdrát gba fóònù. "Ọ̀gbẹ́ni Gòkè, níbo ni láptọ́ọ̀pù yín àtijọ́ wà?"

"Mo pín ẹrù mi, Ma. Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí."

Ó mọ̀. Gbogbo Yorùbá tó wà ní Maiduguri ló mọ̀. Ẹni tí ìwé ìgbélọ bá dé bá kì í di ẹrù. Ọ̀nà jìn, àyẹ̀wò pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ̀mí ni gbogbo ènìyàn ń gbàdúrà pé kí ó délé. Fíríìjì á lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀, bẹ́ẹ̀dì á lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, fáànù á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, wọ́n á gbàdúrà fún ọ, báàgì kan ni wàá gbé wọ mọ́tò.

"Láptọ́ọ̀pù ni mo ń bèèrè."

"Màmá Àsíátù, ní Bolori. Aránṣọ ni. Ọdún mẹ́rin ló fi ń gbé oúnjẹ ìṣínu wá fún mi nínú ààwẹ̀, èmi Kristẹni. Kí ni n bá tún fún un? Mo pa àwòrán mi rẹ́ kí n tó gbé e fún un o."

"Àwòrán nìkan?"

Gòkè mí kanlẹ̀. "Àwòrán nìkan, Ma."

*

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta já wọn sílẹ̀ ní Bolori. Màmá Àsíátù wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Ìdílé rẹ̀ ti ń gbé Maiduguri láti ayé bàbá rẹ̀ àgbà.

"Sannu ku, sannu ku! Ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ rán aṣọ?"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ni Qúdrát wí, ó kúnlẹ̀. "Láptọ́ọ̀pù tí Gòkè fún yín la wá wò."

"Ha, Gòkè! Ọmọ dáadáa. Ó wà níbí, òun ni mo fi ń fi àrà tuntun han àwọn oníbàárà láti orí Íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí ẹni gidi bá ń bọ̀ ni mo máa ń tàn án, dátà kì í pẹ́ tán. Wallahi, mo rò pé ó ti kú ni! Ṣájà rẹ̀ ló jó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọmọ mi wá òmíràn wá."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Qúdrát wo Morẹ́nikéjì.

Wọ́n tàn án, wọ́n fi Íńtánẹ́ẹ̀tì sí i. Àwòrán ìyàwó kan tó wọ léèsì aláwọ̀ òféfèé ló gba gbogbo ojú rẹ̀. Kò sí ohun tó fi hàn pé nǹkan mìíràn ń mí lẹ́yìn rẹ̀. Morẹ́nikéjì ṣí ojú dúdú, ó béèrè iṣẹ́ tí aago inú ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde: ní gbogbo wákàtí, gbé ìwé àṣẹ yìí, kí o mú un ṣẹ. Ó ṣí ìwé àṣẹ náà.

Qúdrát tẹ̀ síwájú.

"Kí ló kọ síbẹ̀?"

Morẹ́nikéjì kà á.

"'Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe. Morẹ́nikéjì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé yìí, yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ tí kò sí lórí sáfà, dá a padà.' Lábẹ́ rẹ̀, Bọ̀dá Gòkè kọ ọ́ pé, 'Àbúrò, o ti mọ̀ ọ́n.'"

Ó rántí ọjọ́ náà. Ọyẹ́ ń fẹ́, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, ìlà aláwọ̀ ewé sì tò láti òkè dé ilẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì fò sókè. Gòkè lọ, wọ́n pín ẹrù rẹ̀, òun sì bẹ̀rẹ̀ ìwé àṣẹ tuntun lórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, kò tún ronú kan èyí mọ́. Ó rò pé bí ẹni bá ti lọ, àṣẹ tó ti ibẹ̀ wá náà ti bá a lọ.

"Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta," ni Qúdrát wí. Ó ti gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó ń ya fídíò. "Má fọwọ́ kàn án."

"Ma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pa á. Ìlà kan péré ni."

"Bí o bá pa á, kí ni a rí? Tọ́láṣe wà nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń dúró. Orí ìwé ni gbogbo èsì wà. Kó ọwọ́ rẹ sẹ́yìn."

Ó kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó di ìka ara rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n dè. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn gùn ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Aago mẹ́wàá lù. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀; ìyàwó aláṣọ òféfèé ṣì ń rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú fáìlì tó ń kọ ohun tí irinṣẹ́ náà bá ṣe sílẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níkọ̀ọ̀kan, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì, kò yára, kò sì falẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Tọ́láṣe: yí padà. Nọ́ọ̀sì kan: yí padà. Nọ́ọ̀sì kejì: yí padà. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, bí ó ṣe kọ ọ́ gan-an, ó sì ń wò ó bí ó ṣe ń ṣẹ.

Fóònù Qúdrát dún. "Ó ti pa mí rẹ́!" Tọ́láṣe ni. "Ẹ wò ó, ó ti tún pa mí rẹ́!"

"A rí i," ni Qúdrát wí. "Ó tó. Morẹ́nikéjì, pa á báyìí."

Ó pa á. Ìlà kan péré ni lóòótọ́.

"Ṣé ẹ ti tún un ṣe?" ni Màmá Àsíátù bèèrè láti ẹnu ọ̀nà. "Oníbàárà mi ń bọ̀ lẹ́yìn Jímọ́ọ̀."

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù, a ní láti gbé e dání lọ." Qúdrát ti ń tẹ nọ́ńbà Adéjọbí. Kí ó tó wọlé, ó fi ọwọ́ bo fóònù náà. "Mo lè sọ fún un pé láptọ́ọ̀pù Gòkè ni. Irọ́ kọ́."

"Irọ́ kọ́," ni Morẹ́nikéjì wí. Ó na ọwọ́.

"Inspẹ́kítọ̀? Ta ni?" ni Adéjọbí bèèrè.

"Èmi ni, sà. Morẹ́nikéjì. Èmi ni mo kọ àṣẹ náà." Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, kò yọ nǹkan kan kúrò.

Ohùn alákòóso náà kò lọ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ṣe ló dà bí ti ẹni tó ti rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"N kò mọ̀, sà."

"N kò ní fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n n kò tún lè fi kọ́kọ́rọ́ ilé yìí sí ọ lọ́wọ́ mọ́. Wá kó o sílẹ̀ lónìí. Kí o tó wá sọ́dọ̀ mi, kọ́kọ́ lọ sí wọ́ọ̀dù kẹrin. Òun ló yẹ kí ó gbọ́ ọ ṣáájú wa."

*

Nínú kẹ̀kẹ́, Qúdrát gbé láptọ́ọ̀pù náà lé itan, ó ń wo eruku ọ̀nà. Morẹ́nikéjì ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún Fathiah. Láti ọjọ́ tó ti kọ́ irinṣẹ́ náà, ohun tó fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé kò sí ohun tó bàjẹ́ tí a kò lè kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe fẹ́ kí ó rí, kí ó sì padà rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́ọ̀dù kẹrin dákẹ́. Fathiah jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú. Ó gbójú sókè, ó rí i, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí òun nìkan ni kò gbà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé Morẹ́nikéjì ló ṣe é.

"Àǹtí, wọ́n ní ẹ lọ sí Bolori láàárọ̀ yìí. Ṣé wọ́n ti rí ẹni náà?"

Morẹ́nikéjì kúnlẹ̀.